“Able”: ohun tí apá ká

Ẹni tó bá ń fi Yorùbá ronú kó tó sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú: “lè”. “Mo lè gbé e.” “Ẹ lè wọlé.” “Òjò lè rọ̀ lálẹ́ yìí.” Gbólóhùn mẹ́ta, “lè” kan ṣoṣo; bẹ́ẹ̀ agbára ni ti àkọ́kọ́, ìyọ̀ǹda ni ti èkejì, ẹ̀kẹta sì ń sọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀. “Can” Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó “lè” yìí, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ṣì í lò púpọ̀. “Able” ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè á ní “lè” náà ni, a ó gbà á gbọ́, a ó wá máa tì í bọ gbogbo ibi tí “lè” bá ti lè jókòó. “Able” kì í ṣe “lè”. Bí a bá ń wá ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Yorùbá, “apá ká” ló súnmọ́ ọn jù.

Ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. “Habere” ní Látìn ni kí ènìyàn ní nǹkan tàbí kó dì í mú. Láti ara rẹ̀ ni “habilis” ti jáde, ìyẹn ohun tó rọrùn láti dì mú, tó bá ọwọ́ mu. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà kúrò lára irinṣẹ́, ó bọ́ sí ara ẹni tó mọ irinṣẹ́ lò. Faransé àtijọ́ sọ ọ́ di “hable” tàbí “able”, ọ̀dọ̀ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì sì ti yá a ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá. “H” rẹ̀ sọnù lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú “rehabilitate”: kí a tọ́jú ẹni tí àìsàn tàbí ìjàǹbá sọ di aláìlágbára títí apá rẹ̀ yóò fi tún ká iṣẹ́ ara rẹ̀. Ó wà nínú Homo habilis náà, orúkọ tí àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Louis Leakey, Phillip Tobias àti John Napier, fún ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ kan lọ́dún 1964, èyí tí wọ́n rí egungun rẹ̀ ní Olduvai, ní Tanzania. Irinṣẹ́ òkúta tí wọ́n gbà pé ó ń ṣe ló gba orúkọ yẹn fún un: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́.

“Can” ò bá a tan. Ọmọ ilé ni òun ní tiẹ̀. “Cunnan” ni wọ́n ń pè é nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “mọ̀”. Àwọn ìbátan rẹ̀ ní Jámánì, “können” àti “kennen”, ti pín iṣẹ́ náà ṣe: èkíní sọ pé ènìyàn lè ṣe nǹkan, èkejì sọ pé ó mọ ẹnì kan tàbí ibì kan. Ní Scotland, “ken” ṣì ni “mọ̀” títí dòní. “Cunning” pàápàá, ìmọ̀ lásán ló ń sọ tẹ́lẹ̀ kó tó di ti àrékérekè. Nítorí náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ní “She can dance”, “ó mọ ijó jó” ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Yorùbá náà mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. “Ó mọ ijó jó” jẹ́ ti ẹ̀kọ́ tó ti wọ ara. “Ó lè jó” jẹ́ pé kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. “Apá rẹ̀ ká ijó náà” jẹ́ pé bí ijó ọ̀hún ṣe le tó, kò borí rẹ̀. Ní ti “could”, “l” inú rẹ̀ kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀ rárá. “Would” àti “should” ló ni ẹ̀wù yẹn. Wọ́n bá a yá a wọ̀, kò sì sí ẹni tó ń pè é.

Ọwọ́ ló wà lábẹ́ “able” nígbà náà. Ẹni tó bá rántí ọwọ́ yìí kò ní í há òfin púpọ̀ sórí.

Ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ni ín. “The nurse is able to lift him” dára, nítorí nọ́ọ̀sì ní ọwọ́. Ilé iṣẹ́ dára, nítorí ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ pàápàá ń kọjá: “The pump is able to lift water twenty metres” kò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “can” fúyẹ́ jù ú lọ níbẹ̀. Ibi tí gbólóhùn ti máa ń wọ́ ni ìgbà tí a bá fi ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn ṣe olùwà: “This shirt is able to be washed.” Ẹ̀wù ò di nǹkan kan mú, òun ni wọ́n dì mú. Ẹ kọ “This shirt can be washed”, tàbí kí ẹ lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, “washable”.

Àfòmọ́ “-able” yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, Yorùbá sì ní ìbejì rẹ̀: “ṣeé”. Ìwé tó ṣeé kà ni “readable”. Omi tó ṣeé mu ni “drinkable”. Ọjọ́ tí kò ṣeé gbàgbé ni “unforgettable”. Ní ti ìtàn, àfòmọ́ yìí àti “able” fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá. “-abilis” Látìn ló bí àfòmọ́ náà, “habilis” ló bí “able”. Ṣùgbọ́n etí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ wọn bí ọ̀kan náà, èyí sì ran àfòmọ́ náà lọ́wọ́ láti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ìbílẹ̀ bíi “read”, “drink” àti “wash”, tí wọn kò fi ibì kankan jẹ́ ti Látìn. Bí àwọn méjèèjì ṣe pín iṣẹ́ ṣe nìyẹn: “able” mú ẹni tó ni ọwọ́, “-able” mú ohun tó bọ́ sí ọwọ́.

Àkọtọ́ rẹ̀ ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, pàápàá ti pé kí wọ́n kọ “-able” ni àbí “-ible”. “-able” ṣì wà láàyè. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá wọ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, òun ni yóò gbà: “downloadable”, “clickable”. “-ible” ní tiẹ̀ dà bí agbo tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àwọn ọ̀rọ̀ Látìn tó ti wọlé ló wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ò sì wọlé mọ́. Ìdánwò kan wà tó sábà máa ń ṣiṣẹ́: ẹ gé àfòmọ́ náà kúrò. Lára “visible” ó ku “vis”, lára “edible” ó ku “ed”, lára “audible” ó ku “aud”. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀. Lára “washable”, “wash” dúró ṣinṣin. Ìdánwò náà ń tàn wá jẹ nígbà mìíràn, torí “accessible” àti “convertible” fi odindi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí a bá gé wọn, “probable” àti “hospitable” ò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí a há sórí, kò sí ọgbọ́n míì.

“E” tí a kì í pè ní ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń jábọ́: “use” di “usable”, “believe” di “believable”. Àfi bí “c” tàbí “g” bá ṣáájú rẹ̀. “Notice” di “noticeable”, “manage” di “manageable”, nítorí “e” yẹn ló ń jẹ́ kí “c” máa dún bí “s”, kí “g” sì máa rọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, òǹkàwé á pe “c” ní “k”. “Y” tó tẹ̀lé kọ́ńsónáǹtì di “i”, bíi “rely” àti “reliable”. Èyí tó tẹ̀lé fáwẹ̀lì dúró síbẹ̀, bíi “enjoyable”. Bí ohùn bá tẹ̀ mọ́ sílébù ìparí, tí fáwẹ̀lì kan àti kọ́ńsónáǹtì kan bá sì parí rẹ̀, kọ́ńsónáǹtì náà á di méjì: “forget” di “forgettable”, “regret” di “regrettable”. “Prefer” dà bí ẹni pé ó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n “preferable” ni, “r” kan, nítorí pé ohùn ti sá kúrò ní ìparí lọ sí sílébù àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ gígùn tó parí sí “-ate” sábà máa ń gé ìrù tirẹ̀ dànù: “tolerate” di “tolerable”, “calculate” di “calculable”.

Pańpẹ́ kan wà nínú ẹbí yìí tó lè pa ènìyàn. “Inflammable” kò túmọ̀ sí ohun tí kò lè gbiná. “In-” inú rẹ̀ kì í ṣe ìyísódì bíi ti “incapable”. Láti ara “inflame” ló ti wá, ìyẹn kí a ti iná bọ nǹkan. “Flammable” àti “inflammable” jẹ́ ọ̀kan náà nígbà náà: méjèèjì ń gbiná. Èyí tí kì í gbiná ni “non-flammable”. Nítorí àṣìgbọ́ yìí ni àmì ààbò fi sábà máa ń kọ “flammable” lónìí. Ẹni tó bá ń túmọ̀ irú àmì bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, kó kọ “ó ń gbiná”, kó má fi “ṣeé” ṣe àrà kankan.

Kì í sì í ṣe gbogbo “-able” ni “ṣeé” lè gbé. “Perishable” ni ohun tó máa ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó ń bà á jẹ́. “Knowledgeable” kì í ṣe ohun tó ṣeé mọ̀, ẹni tó mọ nǹkan ni. “Fashionable” ni ohun tó bá ìgbà mu.

Ó yá, ká padà sí “able” fúnra rẹ̀. Ipò tí ọwọ́ wà ló ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni. Ìyẹn ni kò fi lè dá dúró láìsí “be”. “I able to do it” kò tíì ní ẹsẹ̀ tó máa fi rìn. “I am able to do it” ni. “I can able to” ní tiẹ̀ gbé ẹrù méjì lé orí ẹyọ kan, torí “can” ti parí iṣẹ́ kí “able” tó dé. Lẹ́yìn “to”, kí ọ̀rọ̀-ìṣe wà ní ìhòòhò: “able to go”, kì í ṣe “able to going”, kì í sì í ṣe “able to went”.

Ohun tó ń bí “I will can come” ni pé “lè” wa ò mọ ààlà. “N ó lè wá.” “Ó ti lè rìn.” “Kí n lè rí i.” Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. “Can” ò ní òmìnira yẹn. Kò sí “to can”, kì í tẹ̀lé “will”, kì í tẹ̀lé “have”, kò sì ní “-ing” tó jẹ mọ́ agbára. “Canning” tí ẹ máa ń rí jẹ́ ti agolo, gbòǹgbò rẹ̀ yàtọ̀. Gbogbo ibi tí “can” ò lè wọ̀ yìí ni “be able to” ń bá a dúró sí: “I will be able to come.” “He has been able to walk since March.” “I want to be able to read it.” “She might be able to help.” “They used to be able to see the river from here.” Níbi tí “can” bá ti lè wọ̀, “can” ni kí ẹ lò. “I am able to speak French” kò ṣì, ṣùgbọ́n ó dún bí ẹni tó wọ agbádá lọ fa omi.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀rọ̀ “could” àti “was able to”. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “The road was flooded, but the driver was able to reach the town.” Ó dé ìlú. Ọwọ́ bà á. Bí ẹ bá kọ “could reach the town”, òǹkàwé á dúró, á máa retí: ṣé ó dé ni àbí kò dé? “Could” kàn sọ pé ọ̀nà là ni, kò sọ pé ẹnikẹ́ni gbà á kọjá. Yorùbá ní ohun tó bá “was able to” mu rẹ́gí, ó sì jọ mí lójú pé àwọn olùkọ́ kì í sábà lò ó láti fi ṣàlàyé: “rí i ṣe”. “Ó lè gbé e” ń sọ ti agbára. “Ó rí i gbé” ń sọ pé ó ti gbé e. Ẹni tó ní “mi ò rí oorun sùn lánàá” ń sọ ti òru kan pàtó. Níbi tí “rí… ṣe” bá ti lè dúró nínú Yorùbá, “was able to” ni ti Gẹ̀ẹ́sì.

“Could” ní ibi tiẹ̀. Ó wà fún agbára tó wà lára ènìyàn fún ìgbà pípẹ́: “At six she could read.” Ó wà pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ojú, etí àti ọkàn, bíi “see”, “hear”, “smell”, “remember”, “understand”, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀: “I could hear the rain.” Nínú ìyísódì, ìjà parí. “Couldn’t reach the town” àti “wasn’t able to reach the town” jẹ́ bákan náà, nítorí nígbà tí ọ̀nà ò bá ti là, kò sí bí ènìyàn ṣe máa gbà á. Kò ku ìyàtọ̀ kankan tí a máa sọ. Bí ìjàkadì bá wà nínú rẹ̀, “managed to” sàn ju méjèèjì lọ. “Succeeded” náà wà, ṣùgbọ́n “in” àti “-ing” ló ń fẹ́: “succeeded in reaching”.

Nígbà tí “able” bá dúró níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ìyìn ló ń dà. “An able lawyer” kì í ṣe agbẹjọ́rò tó lè ṣe nǹkan kan pàtó. Agbẹjọ́rò tó já fáfá ni. Níbẹ̀ ó gba “very”: “a very able lawyer”. Bí “to” bá tẹ̀lé e, “very” á fẹ́ há lọ́nà ọ̀fun. “Well able to”, “perfectly able to”, “hardly able to” tàbí “better able to judge” ló ń lọ geere. Nínú ọkọ̀ ojú omi ológun Bìrìtìkó, “able seaman” jẹ́ ipò, láyé àtijọ́ ó ga ju “ordinary seaman” lọ: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ okùn.

“Capable” náà jẹ́ ti ọwọ́. “Capere” Látìn ni “mú”. “Of” àti “-ing” ló ń bá a rìn: “capable of doing”, kì í ṣe “capable to do”. Ìtumọ̀ wọn yà níbi kan tó lè dá ìjà sílẹ̀. “Able” ń wo bí nǹkan ṣe rí báyìí, “capable” ń wo ohun tó wà nínú ẹni náà, ì báà tíì ṣe é rí tàbí kó má tíì ṣe é. Nítorí náà ó máa ń gbé ohun búburú láìṣòro: “He is capable of lying” kì í ṣe ìyìn. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ìyísódì rẹ̀. “She was unable to answer” sọ pé kò rí i dáhùn lọ́jọ́ yẹn. “She is incapable of answering” sọ pé orí rẹ̀ ò gbé e. Ẹni tó bá kọ èkejì sínú ìwé nípa òṣìṣẹ́ kan nígbà tí èkíní ló wà lọ́kàn rẹ̀ ti bu ènìyàn láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, “ability”, ní ẹ̀tàn kékeré kan. “Unable” ni a ń kọ, ṣùgbọ́n “inability” ni. Kò sí “unability”, kò sì sí “inable”. Ilé ni Gẹ̀ẹ́sì ti fi “un-” ti ara rẹ̀ mọ́ “able”, nígbà tí ìyísódì ti ọ̀rọ̀-orúkọ wá pẹ̀lú “in-” Látìn. “Ability to do” ló tọ́, “ability of doing” kò tọ́. “Capacity” jẹ́ ti igbá: iye tí nǹkan gbà. “Skill” wá láti èdè àwọn ará Norse, ìyẹn àwọn ará àríwá Yúróòpù àtijọ́, níbi tí “skil” ti ń sọ ti mímọ ìyàtọ̀ láàárín nǹkan méjì. Ohun tí a kọ́ ni, “ability” sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n bí mọ́ni.

Ní ti pípè, sílébù méjì ni “able”, “l” ló sì ń gbé sílébù kejì láìsí fáwẹ̀lì gidi kankan. Nínú àfòmọ́, “a” náà á kú: ẹni tó bá pe ìparí “comfortable” bí ẹni pé tábìlì ni ti fi àkọtọ́ pè é. Nínú “ability”, ohùn tẹ̀ mọ́ sílébù kejì.

“Disable” ni kí a gba agbára lọ́wọ́ nǹkan: wọ́n ń “disable” agogo ìdágìrì, wọ́n ń “disable” ojú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà. Bó bá kan ènìyàn, ọ̀rọ̀ á gba sùúrù. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní àìlera, tí wọ́n gbà wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, lo “persons with disabilities”, kí ènìyàn lè ṣáájú ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní Bìrìtìkó sì fẹ́ràn “disabled people”, wọ́n ní àtẹ̀gùn tí kò ní ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà ló sọ àwọn di bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ara àwọn. “The disabled” nìkan ni àwọn méjèèjì jùmọ̀ ń sá fún, torí ó ń kó ènìyàn jọ bí ẹrù.

“Unable” ló kù, ọ̀rọ̀ tí ọ́fíìsì fẹ́ràn jù. “We are unable to offer you the position.” Kò sí ẹni tó di ọwọ́ wọn, wọn ò kàn fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n “we do not want to” á dún bí ìfọ́tí, nítorí náà wọ́n fi ara wọn ṣe aláìlápá: ó wù wá, apá wa ni kò ká a. Ẹni tó gba lẹ́tà náà mọ̀, ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ó mọ̀.